Ẹ̀dọ̀ Màlúù Nínú Abọ́ Olóbi

Ẹ̀dọ̀ màlúù ni. Mo fi ìdí bírò mi tì í nínú abọ́ tánganran funfun náà, ó yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òórùn rẹ̀ sì kọ lu imú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Mo ti gbé òkú nínú odò, mo ti gbé òkú nínú kànga, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ibi tí ènìyàn ti gbé ẹran ọbẹ̀ sínú abọ́ tí wọ́n fi gba olóbi ọmọ tuntun. Mo bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, mo tutọ́ sí koríko, mo tún padà wọlé.

"Bò ó," ni mo wí.

Kọ́púrà Sunday, tí a jọ wá láti àgọ́ wa, fi ìdérí bo abọ́ náà. Yàrá kékeré tí wọ́n ti ń fọ ohun ẹlẹ́jẹ̀ ni a wà, lẹ́yìn yàrá ìrọbí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Orúkọ Oǹdó ṣì wà lára ilẹ̀kùn jíìpù wa, àwọn ará ìlú a sì máa bi wá bóyá a ṣìnà ni.

Ohun tó gbé wa wá kò ṣòro láti sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Mercy, ìyàwó Tolú, bí ọmọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ṣì wà lọ́nà. Wọ́n gba olóbi, ibi ọmọ tó tẹ̀lé ọmọ náà jáde, sínú abọ́, wọ́n bò ó, wọ́n gbé e sí yàrá yìí de àwọn ẹbí ọkọ tí yóò gbé e lọ rì sí Èmùré, ìlú wọn. Nígbà tí oòrùn mú, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣí abọ́ náà, ó sì figbe ta. Olóbi ti lọ, ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀. Kí a tó dé, wọ́n ti mú akẹ́kọ̀ọ́ náà. Òun ló figbe ta, òun náà ni wọ́n mú! Ìyẹn nìkan ti tó láti kó mi nírìíra.

*

Àtinúkẹ́ Akínpẹ̀lú ni orúkọ rẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo bá a ní ọ́fíìsì Métírọ̀n. Wọ́n ti ṣí fìlà lórí rẹ̀, wọ́n ti já bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá máa ń so mọ́dìí. Àmì ìka ọwọ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Métírọ̀n Bọ́lárìnwá, tó ń ṣe ọ̀gá ibẹ̀ nígbà tí dókítà bá wà ní Adó, dúró lé e lórí pẹ̀lú bẹ́líìtì náà lọ́wọ́.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ máa gbé e lọ," ó ní. "Mo ti ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kò ní ṣe ìdánwò àṣekágbá kankan. Olè olóbi ò lè di nọ́ọ̀sì lójú mi."

"Ta ló gbá a létí?"

"Ìyá Mercy ni. Tó bá jẹ́ èmi ni mo bí Mercy, mo máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi mọ̀ pé òun ni?"

Ó nawọ́ sí ọ̀rá dúdú kan lórí tábìlì. "Inú báàgì rẹ̀ la ti bá a. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀!"

Mo tú ọ̀rá náà. Yunifọ́ọ̀mù ni, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀ lóòótọ́, láti àyà títí dé orúnkún, ó ti gbẹ. Mo wo aṣọ tí ọmọ náà wọ̀. Mo wo ti Métírọ̀n. Funfun báláú ni.

"Ẹ̀yin náà wà níbi ìbímọ yẹn, àbí?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ ò ta sí yín lára?"

"Mo ti pààrọ̀ aṣọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sẹ́ni tó tú báàgì yín wò." Mo ṣílẹ̀kùn fún un. "Ẹ fún wa láyè díẹ̀, mà."

Ó jáde, ó sì gbé bẹ́líìtì náà dání. Mo ní kí Àtinúkẹ́ dìde kó jókòó sórí àga. Kò kọ́kọ́ lè dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Òrun, sà. Bàbá mi ń dáko kòkó níbẹ̀."

Kò sunkún. Ó kàn ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń dáhùn ìbéèrè olùkọ́. Ìdánwò àṣekágbá wọn ti wọlé dé. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kì í sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́: wọ́n á máa pọn omi, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè orúkọ egungun, wọ́n á máa tẹ ẹ̀bà, wọ́n á máa ka àmì àìsàn. Aṣọ funfun tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìbúra wà lọ́dọ̀ télọ̀, ó ku kí wọ́n fi bọ́tìnnì sí i. Ní Òrun, bàbá rẹ̀ kì í pè é ní Àtinúkẹ́ mọ́. Nọ́ọ̀sì ló ń pè é lójú gbogbo ènìyàn.

"Tí wọ́n bá lé mi pé mo jí olóbi, sà, mi ò lè fi ẹsẹ̀ mi tẹ Òrun mọ́. Bàbá mi gan-an ò ní lè jáde nílé."

"Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má yọ nǹkan kan sílẹ̀, kódà kó dà bí ẹni pé kò wúlò."

"Mi ò yẹ kí n wà ní yàrá ìrọbí rárá. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni wọ́n fi mí sí. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ní kí n wá dípò ẹnì kejì mi tí ibà dá dúbúlẹ̀. Mercy ti ń rọbí láti àná. Nígbà tí ọmọ dé, olóbi náà tẹ̀lé e. Mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ bí wọ́n ti kọ́ wa, mo wo ojú rẹ̀ méjèèjì, mo wo awọ rẹ̀, mo wo ìwọ́ rẹ̀. Ó pé. Mo gbé e sínú abọ́, mo bò ó. Mo fẹ́ wẹ ọmọ, Ìyá Mercy ní kí n má dán an wò, pé omi kì í kan ọmọ àfi tí olóbi rẹ̀ bá wọ ilẹ̀. Mo kàn nù ún lójú nù ún lára ni."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mercy ń ṣẹ̀jẹ̀, sà. Kò yára, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Métírọ̀n ní èmi ni mi ò wo olóbi dáadáa, pé díẹ̀ kù sínú. Mo ní ó pé. Wọ́n ní mo ń purọ́. Mo bá lọ gbé abọ́ wá kí n fi hàn wọ́n." "Nígbà tí mo ṣí i, kò ní ìwọ́. Kò ní awọ. Mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé ẹran ni."

"Ẹ̀jẹ̀ yẹn ti dá?"

"Kò tíì dá. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, dókítà ń bọ̀ láti Adó." Ó gbójú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Sà, tí dókítà ò bá mọ̀ bóyá olóbi yẹn pé tàbí kò pé, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀jẹ̀ náà?"

Wọ́n ti gbá a létí, wọ́n ti já bẹ́líìtì rẹ̀, ọ̀rọ̀ aláìsàn ló ń bi mí. Ojú ara mi tì mí, torí mi ò tíì rò ó débẹ̀.

*

Nígbà tí mo jáde, Sunday ti rí ọ̀daràn tirẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni, ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn. Sunday dì í ní kọ́là mú.

"Òun ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, sà. Ó sì ní ajá!"

"Ajá ló lọ ra ẹ̀dọ̀?"

Sunday ronú sí i. "Òun ló rà á, sà. Ajá ló jẹ olóbi."

Jẹ́jẹ́ já kọ́là rẹ̀ gbà. Ó ní láti ìjẹta lòun ti wà ní Òmùò, níbi tí wọ́n ti sìnkú bàbá ìyàwó òun. Òwúrọ̀ yìí lòun dé, báàgì òun ṣì wà lẹ́nu géètì. Gétìmáànù sì jẹ́rìí sí i. Mo mú Sunday wọ yàrá kékeré náà, mo ṣí abọ́.

"Gbóòórùn rẹ̀."

"Sà?"

"Tẹ orí ba kí o gbóòórùn rẹ̀."

Ó tẹ orí ba, ó sì tètè gbé e sókè. "Ọlọ́run ò!"

"Ẹ̀dọ̀ òní ni àbí ti àná?"

"Ti àná ni, sà. Ó ti ń jẹrà."

"Tóò. Àná ni wọ́n ti rà á, wọ́n ń dúró de ọmọ. Jẹ́jẹ́ wà ní Òmùò lánàá. Àtinúkẹ́ wà lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin lánàá, kò mọ̀ pé wọ́n máa gbé òun wá síbí. Ta ló mọ̀ lánàá pé Mercy máa bímọ?"

Sunday bojú wo ìta fèrèsé. "Ìyá rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Àti Métírọ̀n."

"Àti ohun kan sí i. Ẹni tó fẹ́ fi olóbi ṣe nǹkan burúkú máa gbé e sá lọ ni. Ẹni tó fi ẹ̀dọ̀ dípò rẹ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ láé pé ó lọ. Ó fẹ́ kí àwọn ará Èmùré gbé ẹ̀dọ̀ màlúù relé, kí wọ́n rì í, kí àgbààgbà dúró tì í máa súre."

Mo rò ó wò lójú ara mi: àwọn bàbá arúgbó pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, tí wọ́n ń ṣe àmín lórí ẹran tó ti ń jẹrà. Mo ní kí Sunday bo abọ́ náà kíákíá.

*

Ìyá Tolú, ìyá ọkọ, jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, ó gbé ìkòkò amọ̀ tuntun tí wọ́n máa gbé olóbi sí lé itan. Kò tíì wọ inú ilé láti ìgbà tí ariwo ti sọ. Mo gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo yẹ inú rẹ̀ wò. Amọ̀ tuntun nìkan ló ń rùn.

"Ẹ mú ọmọ náà kó sọ ibi tó gbé e sí," ó ní. "Ẹ nà án. Olóbi ọmọ Èmùré, ulẹ̀ Èmùré ló ń lọ."

"Ta ló lè fẹ́ gbé e, màmá?"

"Àwọn olóògùn ni. Ayé ti bàjẹ́. Ẹ wo ọmọ ọmọ mi, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ulé níbẹ̀ un. A kì í bomi sí i lára kí olóbi rẹ̀ tó wọ ulẹ̀. Ulé tiwa bẹ́ẹ̀, ulé tìyá ìyàwó bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá wá di abìrùn, ta la fẹ́ bi?"

"Ẹ ti rí ìyàwó yín? Ó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ó gba ìkòkò rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi. "Ẹ bá mi wá olóbi ná."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe òun. Kò sẹ́ni tó ń jí ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀ wá fún un. Ṣùgbọ́n mo gbà á lọ́kàn mi pé, bí òfin bá wà tí a fi lè ti ènìyàn mọ́lé nítorí ọkàn líle, ǹ bá gbé òun àti ìkòkò rẹ̀ sẹ́yìn jíìpù.

*

Inú yàrá Mercy móoru. Ọmọbìnrin náà dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ ti funfun, ó gbé ọmọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, obìnrin gíga kan láti Ìsẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ. Kò fẹ́ Mercy. Ọmọ nìkan ló ń fẹ́.

"Ẹ kú oríire, màmá."

"Oríire ẹlẹ́kún ni. Ẹ ti gbé ọmọ burúkú un lọ?"

Mo tẹ̀ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì láti wo ọmọ náà. Orí rẹ̀ ń dán. Ó ń ta sánsán ọṣẹ dúdú àti àdí. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo tún fà á símú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí. Ọrùn rẹ̀, abíyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Kúlà oúnjẹ kan wà nílẹ̀. Ẹ̀kọ wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

"O ò jẹun?" mo bi Mercy.

"Ẹ̀kọ un ń rùn, sà," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ń rùn bí Izal."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ta ló ń fi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ fọ kúlà oúnjẹ? Mo mọ ìdáhùn kí n tó nàró tán. Mo gbé kúlà náà kúrò lójú Mercy, mo fi sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ta ló wẹ ọmọ?" mo bi í.

"Màmá mi ni. Ìgbà tí wọ́n ra ẹ̀kọ dé."

Ìyá rẹ̀ dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró.

*

Mo pe Ìyá Mercy jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Sunday dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ibo lẹ ti ra ẹ̀kọ, màmá?"

"Ọjà ibí náà."

"Ẹ pẹ́ lọ́jà."

"Èrò pọ̀."

"Láàárọ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì má fomi kan ọmọ àfi tí olóbi rẹ̀ bá wọ ilẹ̀. Olóbi sọnù. Gbogbo ilé ìwòsàn ń wá a. Ẹ̀yin wá bu omi, ẹ gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, ẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àdí pa á lára. Ẹ fọkàn balẹ̀ ṣe é."

"Ó ti ń rùn. Ṣé ọlọ́pàá ló máa kọ́ mi ní ọmọ wíwẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ lè purọ́ fún mi. Ẹ lè gbá ọmọ ọlọ́mọ létí fún ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, a ti rí i pé ẹ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ọmọ ọmọ yín dán èèwọ̀ wò. Ẹ mọ̀ pé olóbi rẹ̀ ti wọ ilẹ̀. Ẹni tó rì í nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Inú kúlà lẹ gbé ẹ̀dọ̀ wá, kúlà náà lẹ fi gbé olóbi lọ nígbà tí wọ́n ń du ẹ̀mí ọmọ yín lọ́wọ́. Ẹ gun ọ̀kadà dé Ìsẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ padà, ẹ bu Izal níbí, ẹ fi fọ kúlà, ẹ wá bu oúnjẹ sínú rẹ̀ fún un."

Ó tún gèlè rẹ̀ so. Mo rò pé yóò sunkún, kò sunkún.

"Ọkọ mi fi ulé sílẹ̀ n'Ísẹ̀," ó ní. "Mercy nìkan la bí. Àwọn àbúrò ọkọ mi ń wọn ulẹ̀ lójú mi, wọ́n ní ulé è ní àrólé. Bí olóbi ọmọkùnrin yìí bá wà lẹ́yìnkùlé bàbá ìyá rẹ̀, ta ni yóò ní kì í ṣe ọmọ ulé? Ta ni yóò lé e?"

Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí. Mo mọ irú àwọn àbúrò ọkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n wà ní gbogbo ìlú.

"Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó yẹ kó dákẹ́ ni. Ta ló ní kó ṣí abọ́?"

Àánú náà fò lọ. "Mercy ń ṣẹ̀jẹ̀, màmá. Dókítà fẹ́ wo olóbi yẹn kó tó mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ó lè jẹ́ pé ó kù sínú, ó lè jẹ́ pé ọgbẹ́ ni. Tó bá lọ wá ibi tí kò yẹ, tí àkókò sì lọ, ẹ lè rì Mercy náà. Ibo ló wà?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ọmọ rẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bí mo bá fi hàn yín," ó ní, "ṣé ẹ ó dá a padà síbẹ̀?"

Mo ti bá apànìyàn sọ̀rọ̀. Mo ti bá ẹni tó ta àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí lára mi bí eléyìí. Ó rí lára mi bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ohun rírọ̀ nínú òkùnkùn. Mi ò lè fọwọ́ kan obìnrin náà. Sunday ni mo ní kó mú un wọ jíìpù.

*

Ìsẹ̀ kò jìnnà. Lẹ́yìn ilé ìdáná ọkọ rẹ̀, koríko àti ìdọ̀tí kún ẹ̀yìnkùlé náà, àfi ojú ibì kan tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní. Sunday walẹ̀ níbẹ̀. Kò jìn tó fi kan ohun tí à ń wá, nínú ewé kókò, láìsí ìkòkò. Mi ò ní sọ bó ti rí. A gbé e sínú abọ́ tánganran kan tí a gbé láti ilé ìwòsàn, a sì tẹ iná mọ́tò padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ìyá Mercy kò sọ̀rọ̀ lọ́nà, àfi ìgbà kan tó ní kí Sunday rọra wà á, kí abọ́ má baà dànù.

Dókítà ti dé. Mo gbé abọ́ náà fún Àtinúkẹ́ lójú gbogbo wọn. Métírọ̀n fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbọ́wọ́ sókè sí i.

Ọmọ náà wọ ìbọ̀wọ́. Ó bu omi, ó ṣan iyẹ̀pẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó tẹ́ olóbi náà sórí rọ́bà, ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo, ó to gbogbo rẹ̀ jọ, ó gbé awọ rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Mi ò lè wò ó tán. Òun wò ó bí ìgbà tí ìyá ń wo ara ọmọ tó ṣubú.

"Ó pé, sà," ó sọ fún dókítà. "Kò sí èyí tó kù sínú."

Dókítà tẹ̀ wò ó, ó yí i padà, ó mi orí. "Ó pé lóòótọ́. Ó jẹ́ pé ọgbẹ́ ni. Ẹ gbé e wọ tíátà."

Ẹnu ilé ọmọ ló ya. Nígbà tí dókítà rán an tán, ó bèèrè ẹni tó tẹ ikùn aláboyún náà, tó ní kó máa fipá ti ọmọ jáde kó tó tó àsìkò. Àtinúkẹ́ mọ̀ ọ́n, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ. Métírọ̀n ń to abẹ́rẹ́ sínú àwo tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé Mercy jáde, àwọn ìyá méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Tolú gbé ìkòkò rẹ̀ dání. Ìyá Mercy ti já mọ́ Sunday lọ́wọ́. Ibi tí Mercy wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, láàárín wọn, ni wọ́n ti ń pariwo.

"Ulẹ̀ Èmùré ló ń lọ!"

"O ò ní gbé e! Ọmọ ulé ọkọ mi ni!"

"Olè! Olóbi lo jí!"

Wọ́n ti ń fa abọ́ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bojú wolẹ̀ wo ẹni tó dùbúlẹ̀. Mo pariwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Mercy ló wá gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́.

"Ẹ gbé e fún Nọ́ọ̀sì," ó ní. "Kó rì í sí ọgbà ibí. Òun nìkan ló wá a kí n má baà kú."

Àtinúkẹ́ gba abọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, ó lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó rì í síbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ilẹ̀ náà. Àwọn ìyá méjèèjì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò ó. Sunday mú Ìyá Mercy lọ sínú jíìpù.

Ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé ni mo ti bá ọmọ náà lẹ́yìn náà. Mo ti fọ ọwọ́ tèmi lẹ́ẹ̀mejì, mo tún ń fọ̀ ọ́. Métírọ̀n rìn wá bá wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti ká fìlà àti bẹ́líìtì aláwọ̀ ewé náà sórí apá.

"Àtinúkẹ́ mi," ó ní, "mo ti ránṣẹ́ míì sí ilé ẹ̀kọ́ yín. Mo ní ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ni ọ́. Lọ ṣe ìdánwò rẹ. Wá, jẹ́ kí n so bẹ́líìtì rẹ fún ọ."

"Ẹ ṣé, mà. Mo máa so ó fúnra mi."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ó ti yẹ. Métírọ̀n ṣì dúró, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bu omi sínú abọ́, ó da Izal sí i, ó ki bẹ́líìtì náà bọ̀ ọ́. Ó fọ inú, ó fọ ẹ̀yìn, ó fọ ibi tí ọwọ́ Métírọ̀n ti dì í mú, kò yára rárá. Ó ṣàn án, ó fún omi ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó so ó mọ́dìí ní tútù, ó sì padà sí yàrá lọ wẹ Mercy.